Ìlù Tó Ń Dá Fèrè Lóhùn: Àyẹ̀wò Àwọn Àwo Orin Koola Lobitos àti Ọdún 15 Fẹlá pẹ̀lú Tony Allen

Àkójọ àwo orin mẹ́ta kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní olólùfẹ́ Fẹlá kò gbọ́ rí. Highlife-Jazz and Afro-Soul (1963–1969) ni orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára. Ilé-iṣẹ́ P-Vine ní ilẹ̀ Japan ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 2005, Knitting Factory ti Amẹ́ríkà sì tún gbé e jáde lọ́dún 2016. Orin tí Fẹlá Ransome-Kútì àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Koola Lobitos, ṣe ní Èkó ni ó kún inú rẹ̀, láti ìgbà tí Fẹlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, tí kò tíì sí Kalakuta tó fi ṣe ilé, tí kò tíì sí Shrine tó fi ṣe ilé ijó, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì máa pè é ní Abàmì Ẹ̀dá. Láàrín oṣù mélòó kan sẹ́yìn, mo ti gbọ́ àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ. Mo sì fi àwọn tó jáde lẹ́yìn wọn tẹ̀lé wọn bí ọdún ṣe tẹ̀lé ara, láti orí orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Los Angeles lọ́dún 1969 títí dé àwọn ti ọdún 1975 sí 1979, nítorí pé kì í ṣe orin Fẹlá nìkan ni mo ń wá. Àjọṣe ènìyàn méjì ni mo ń wá: ẹni tó ń fọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì níwájú, àti ẹni tó jókòó sídìí ìlù lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni ẹ̀yìn yẹn ni Tony Ọládípọ̀ Allen, tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún 1940. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ rédíò nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlù ní nǹkan bí ọmọ ọdún 18, kò sì sí olùkọ́ kan tó jókòó tì í. Àwo Art Blakey àti ti Max Roach, àwọn onílù jáàsì Amẹ́ríkà, ni ó ń gbọ́, tí ó ń fara balẹ̀ wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó rí àpilẹ̀kọ kan tí Max Roach kọ sínú ìwé ìròyìn Down Beat nípa aro méjì tó dojú kọ ara wọn, èyí tí onílù ń fi ẹsẹ̀ òsì pa dé tí ó sì ń ṣí, ó sì fi àpilẹ̀kọ náà ṣe ilé ẹ̀kọ́. Kí ó tó bá Fẹlá pàdé, ó ti kọjá lọ́wọ́ Victor Ọláìyá nínú ẹgbẹ́ Cool Cats, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti orí igi méjì tí a ń lù mọ́ra kí ó tó dé ìdí ìlù gan-an. Fẹlá náà ti kọjá lọ́wọ́ Ọláìyá yìí kan náà kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1958. Ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ti kẹ́kọ̀ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò jọ jókòó níbẹ̀. Ọdún kan náà ni Ọláìyá àti Tony sì jọ dágbére fún ayé, ọdún 2020, ọ̀kan ní oṣù kejì, èkejì ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹrin.

Nígbà tí Fẹlá parí ẹ̀kọ́ ní Trinity College of Music tí ó sì padà wálé lọ́dún 1963, jáàsì ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó gba iṣẹ́ olóòtú ètò ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀, ó sì bá Benson Idonije pàdé níbẹ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó fẹ́ràn jáàsì tọkàntọkàn, ẹni tó di alábòójútó rẹ̀ àkọ́kọ́. (Idonije yìí náà ni bàbá àgbà Burna Boy, kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí lè mọ ibi tí okùn náà ti fà wá.) Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Èkó kò sì fẹ́ jókòó kó máa gbọ́ jáàsì lásán. Èkó fẹ́ jó. Èyí ni ó mú kí Fẹlá po jáàsì mọ́ háíláìfù, ó sì nílò onílù tó gbọ́ èdè méjèèjì. Lọ́dún 1964 ó ní kí Tony wá lu ìlù fún òun. Tony sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé Fẹlá bi òun bóyá òun lè lu jáàsì, òun ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi òun bóyá òun lè dá ìlù lù nígbà tí àwọn yòókù bá dákẹ́, òun tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé ọ̀pá ìlù, ọ̀rọ̀ sì parí. Àjọṣe ọdún 15 bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Nínú àkójọ mẹ́ta yìí, àwo kìíní àti ìkejì ni mo fẹ́ràn jù. Orin inú wọn kì í gùn: ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin, ó ti tán, nítorí pé àwo kékeré ìgbà náà kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ́ Fẹlá tó máa ń fi odindi ojú àwo kan kọ orin kan yóò rò pé ẹlòmíràn ni. Ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó mọ́, ó ń kọ orin ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ní èdè Yorùbá, kò sì tíì bá ìjọba kankan jà. Ṣùgbọ́n ẹ fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ná, kí ẹ fetí sí ohun tó ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn afọnfèrè a wọlé papọ̀, wọ́n á sọ tẹnu wọn, wọ́n á dákẹ́. Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì Fẹlá nìkan á wá yọ jáde, á máa wá ọ̀nà bí ẹni tó ń rìn gba inú ọjà tó kún. Ibẹ̀ gan-an ni Tony ti ń ṣe ohun tí mo fi máa ń dá sídì dúró, tí mo sì ń dá a padà sẹ́yìn.

Ẹni tó bá mọ ìlù dùndún mọ̀ pé omele ni ó ń di orin mú, tí kì í yà kúrò lójú ọ̀nà, kí ìyáàlù lè rí àyè sọ̀rọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ háíláìfù ìgbà náà, iṣẹ́ omele ni ẹni tó jókòó sídìí ìlù òyìnbó ń ṣe: ó ń ka ìgbésẹ̀ fún àwọn tó ń jó. Tony pín iṣẹ́ méjèèjì fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Aro apá òsì ni omele rẹ̀. Kò dákẹ́, kò sáré, kò falẹ̀. Ìlù ńlá tí ó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún lù ni ó sọ di ìyáàlù. Kì í bọ́ síbi tí ẹ ti ń retí rẹ̀; a máa dé díẹ̀ ṣáájú tàbí díẹ̀ lẹ́yìn, bí ẹni tó ń fèsì ọ̀rọ̀. Bí Fẹlá bá fọn gbólóhùn kan tí ó sì fẹ́ mí, inú èémí yẹn ni ẹsẹ̀ Tony yóò ti sọ tirẹ̀. Nígbà mìíràn, ọwọ́ òsì rẹ̀ á kan ìlù àárín jẹ́jẹ́, ohun tí etí kì í mú bí ilé kò bá dákẹ́, ṣùgbọ́n tí kò bá sí i, orin náà yóò ṣófo. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọdún 1970 ni Afrobeat, orin tí a mọ Fẹlá mọ́, bẹ̀rẹ̀, kò purọ́, nítorí pé àsìkò náà ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó wà ní ìdí rẹ̀ ti wà nínú àwọn orin kéékèèké wọ̀nyí, ó kàn ń lo ẹ̀wù háíláìfù ni.

Ohun kan wà tó ń dùn mí nípa àkójọ náà, tí n kò sì ní fi pa mọ́. Kò sí àmì ohùn lórí orúkọ àwọn orin. Wọ́n kọ Ajo: ṣé àjò ni, àbí àjọ? Wọ́n kọ Awo, ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá sì mọ̀ pé ó lè jẹ́ awo, ó lè jẹ́ àwo, ó sì lè jẹ́ àwọ̀. Àwọn tó ṣe sídì àwọn orin Los Angeles tilẹ̀ gbìyànjú díẹ̀, wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Obe pé ọbẹ̀ tí a ń jẹ ni, kí a má baà rò pé ọ̀bẹ tí a fi ń gé ẹran ni. Ó lè jẹ́ pé kò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹni tó ń gbọ́ orin náà ní Tokyo tàbí ní New York. Ṣùgbọ́n orin Yorùbá ni orin wọ̀nyí, tí ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ jọ ń rìn pọ̀, tí afọnfèrè àti onílù sì jẹ́ ọmọ èdè tó jẹ́ pé ìlù lè pe orúkọ ènìyàn kí ó sì dáhùn. Ẹ gbọ́ Onídòdò, tí ó ti inú orin tí àwa ọmọdé fi ń ṣeré wá. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ibi tí ohùn yóò gbà kí ó tó gbà á. Orí ohun tí gbogbo wa ti mọ̀ yìí ni Fẹlá ti wá fọn jáàsì, a kò sì sọnù rárá. Ilé-iṣẹ́ tó bá tún fẹ́ gbé àwọn orin wọ̀nyí jáde, kí ó wá ẹni tó mọ èdè náà kọ orúkọ wọn bí ó ṣe yẹ, kí ó sì tẹ ọ̀rọ̀ orin náà sínú ìwé tó bá a wá.

Àbùkù mìíràn wà. Ara àwo àtijọ́ ni wọ́n ti gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin náà, ariwo abẹ́rẹ́ sì wà níbẹ̀ tí ó ń hó bí epo gbígbóná. Èmi ti fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn orin tó mọ́ tónítóní kò ní gbádùn rẹ̀. Bákan náà, orin kan wà tó jẹ́ pé ẹ óò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ óò tún gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ṣe é nígbà mìíràn, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò sì tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ jókòó. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé Fẹlá kò tíì jẹ́ akọrin gidi ní ìgbà yẹn. Ìgbà mìíràn wà tí ohùn rẹ̀ ń wá àyè láàrín àwọn fèrè tí òun fúnra rẹ̀ ti kó kún inú orin náà, tí ó dà bí ẹni tó ra ọjà ju bí àpò rẹ̀ ti gbà lọ. Ọ̀pọ̀ ohun tó kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó fẹ́ kí a gbọ́ nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Àwo kẹta ni èyí tó ṣòro gbọ́ jù, òun náà ni n kò lè gbé ta fún ẹnikẹ́ni. Orí ìtàgé ni wọ́n ti gba orin rẹ̀ sílẹ̀, ní Afro-Spot. Ilé ijó Kakadu tó wà ní Alágọmeji, Yábàá, ni Fẹlá yí orúkọ rẹ̀ padà sí bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò mọ́, ó dà bí ẹni pé ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà tí orin ń lọ nínú ilé. Ẹ ra ojúlówó rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnì kan ta ayédèrú rẹ̀ fún mi nígbà kan, àwo kẹta yìí gan-an ni kò sì dún rárá, tí ó fi di ìgbà tí àbúrò mi mú òmíràn bọ̀ láti òkè òkun kí n tó gbọ́ ọ. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé orí ìtàgé kò ní ààlà ìṣẹ́jú mẹ́ta. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa kọ́kọ́ gbọ́ tí orin náà na ẹsẹ̀. Fẹlá a fọn, kò ní tètè kúrò lójú kan. Tony á mọ̀ pé àyè wà, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ohun tí ó ń lù padà díẹ̀díẹ̀, kò ní yí i padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orúkọ tí wọ́n fún orin náà ní àkókò yẹn ti yàtọ̀. Geraldo Pino ti gbé orin tó jọ ti James Brown wọ Èkó láti Sierra Leone, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń ya tẹ̀lé e. Fẹlá lọ sí Gánà, ó ronú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orin tirẹ̀ ní Afrobeat lọ́dún 1968.

Lẹ́yìn náà ni Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1969 ni gbogbo ẹgbẹ́ náà wọ ọkọ̀ òfurufú lọ, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà nílé. Ètò tí wọ́n ṣe fún wọn dàrú, ìwé àṣẹ ìgbélùú di wàhálà, wọ́n sì dúró sí Los Angeles fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn orin tí wọ́n sáré gbà sílẹ̀ níbẹ̀ wà lórí sídì kan pẹ̀lú díẹ̀ nínú àwọn orin ọdún 1964 sí 1968, sídì náà sì ṣeé rà fún ẹni tí kò bá fẹ́ ra gbogbo àkójọ mẹ́ta. Ẹ gbọ́ My Lady Frustration, tí a mọ̀ pé Fẹlá kọ nítorí Sandra, obìnrin tó la ojú rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà. Àwọn fèrè ti dín ohun tí wọ́n ń sọ kù. Gìtá ti gba ọ̀nà kan, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Gbogbo àyè tó ṣí sílẹ̀ yẹn bọ́ sọ́wọ́ onílù. N kò fẹ́ràn Viva Nigeria tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju orin rẹ̀ lọ.

Ohun tí Tony mú bọ̀ láti Los Angeles kò sí nínú sídì náà, ẹ ó gbọ́ ọ nínú àwọn tó tẹ̀ lé e. Ó bá onílù jáàsì kan pàdé níbẹ̀, Frank Butler, ó sì rí i pé orí ìrọ̀rí ni Butler ti máa ń fi ọ̀pá ìlù kọ́ ọwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìlù a máa ta ọ̀pá padà; ìrọ̀rí kì í ta nǹkan kan padà, ọrùn ọwọ́ onílù nìkan ni yóò gbé ọ̀pá sókè. Tony mú àṣà náà. Bí ẹ bá fi ìlù inú àwọn orin ọdún 1965 wé ti Jẹun Kó Kú, tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lọ́dún 1971, ẹ ó gbọ́ ohun tí ìrọ̀rí ṣe. Ìlù náà kò le jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tilẹ̀ rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni, gbogbo igun rẹ̀ ti di rogodo.

Nígbà náà, ẹgbẹ́ ti di Africa 70, Tony sì ni olùdarí orin rẹ̀. Ibi tí àjọṣe wọn ti yé mi jù lọ nìyí. Fẹlá ni ó máa ń fún olórin kọ̀ọ̀kan ní ohun tí yóò ṣe: ó ń kọ ti fèrè, ó ń kọ ti gìtá, kò gba kí ẹnikẹ́ni fi tinú ara rẹ̀ kún un. Tony sọ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé òun nìkan ni ó ń ṣẹ̀dá ohun tí òun ń lù. Ẹni tó mọ bí Fẹlá ṣe ń ṣàkóso mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí wọ́n máa ń gbà lẹ́nu Fẹlá, pé tí kò bá sí Tony Allen, kò ní sí Afrobeat. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé àwọn méjì yìí nìkan ni ẹgbẹ́ náà. Lékan Animáṣahun, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Ani, wọlé lọ́dún 1965 pẹ̀lú sáksófóònù olóhùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó wà níbẹ̀ títí Fẹlá fi kú lọ́dún 1997, ó sì tún dúró ti Ṣeun, ọmọ Fẹlá, lẹ́yìn náà. Túndé Williams náà wà, tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí Fẹlá fi lè gbé tirẹ̀ kalẹ̀ kó gbájú mọ́ dùùrù àti sáksófóònù.

Àwo tó bá yẹ kí ẹ fi wádìí ohun tí mò ń sọ ni Confusion, ti ọdún 1975. Orin kan ṣoṣo ni, nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, tí wọ́n pín sí ojú àwo méjì. Kò sí fèrè ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí gìtá, kò sí orin kíkọ. Fẹlá jókòó sídìí dùùrù oníná, Tony sídìí ìlù, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí ìgbésẹ̀ kankan tí ènìyàn lè fi jó. Dùùrù á sọ gbólóhùn kan, á dá dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, aro á sì bo gbogbo ilé bí òjò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Jáàsì ni, kò sí orúkọ mìíràn tí a lè pè é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì wá kí mi ní ọjọ́ Àìkú kan, mo sì fi orin náà sí i láìsọ nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ ń fi ìka lu tábìlì, bí àwọn onílù ṣe máa ń ṣe, ó ń wá ibi tí ìkíní wà, ìyẹn ibi tí ìgbésẹ̀ orin ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò rí i. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì. Ó tẹ́tí, ó di ojú. Nígbà tí ìlù náà wá kó ara rẹ̀ jọ, tí béèsì wọlé, tí gbogbo rẹ̀ bọ́ sójú ọ̀nà kan náà, ó ṣí ojú, ó ní, “Áńkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sẹ́yìn. Mi ò mọ ìgbà tó wọlé.” Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni a dá a padà. Èmi náà kò tíì lè fi ọwọ́ tọ́ka síbi tí ó ti wọlé gan-an, bẹ́ẹ̀ ọdún 11 ni wọ́n ti jọ ń ṣeré nígbà tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀, láti ìgbà ẹgbẹ́ háíláìfù oní-ìṣẹ́jú-mẹ́ta.

Ọdún yẹn kan náà ni Tony gbé àwo tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, Jealousy, tí Africa 70 bá a ṣe, tí Fẹlá sì dúró tì í. Ẹ ra á. Ìlù wà níwájú nínú rẹ̀, ohun tó máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ Fẹlá ń bọ̀ gbangba. No Accommodation for Lagos, ti ọdún 1979, dára jù ú lọ lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ìpínyà ti wà lára rẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ pé nítorí pé mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ṣe ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lọ sí àjọ̀dún jáàsì ní Berlin lọ́dún 1978, ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà sì fi Fẹlá sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tony náà lọ. Kò fi ìdí rẹ̀ pa mọ́: ó ní owó àwọn olórin kò tó, ó sì ní àwọn tó yí Fẹlá ká tí kì í ṣe olórin ti pọ̀ jù. Mo gbà á gbọ́. Mo sì tún gbàgbọ́ pé Fẹlá kò rí ẹni tó lè dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn àwo Egypt 80, ẹgbẹ́ tí Fẹlá dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà, tóbi, wọ́n jinlẹ̀, mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ìlù ń gbé Fẹlá ni, kò bá a jiyàn.

Tony padà sídìí jáàsì nígbẹ̀yìn. Lọ́dún 2017, ilé-iṣẹ́ Blue Note, tó gbé púpọ̀ nínú àwo Art Blakey jáde láyé àtijọ́, gbé àwo kékeré kan tí ó ní orin mẹ́rin jáde fún un, tí ó fi ń bu ọlá fún Blakey yìí kan náà tí ó ti ń kọ́ ìlù lára àwo rẹ̀ ní Èkó ní nǹkan bí 60 ọdún sẹ́yìn. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 75. Kò lu Moanin’, orin tí a mọ Blakey mọ́, bí Blakey ṣe lù ú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì ń fèsì, aro apá òsì ṣì ń ṣe omele. Ó kú ní Paris lọ́dún 2020.

Bí owó yín bá ká gbogbo rẹ̀, ẹ ra àkójọ mẹ́ta náà, Confusion àti Jealousy, kí ẹ sì fi wọ́n tẹ̀lé ara wọn gẹ́gẹ́ bí ọdún wọn ṣe tẹ̀lé ara. Bí ó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti ń gbọ́ orin, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ bá yín yan èyí tó kàn. Ẹ lo ohun ìgbọ́rọ̀ tó ń bo etí, nítorí pé àwọn ìlù jẹ́jẹ́ ọwọ́ òsì yẹn kì í jáde nínú ẹnu fóònù. Bí ẹ bá wá kan Confusion, ẹ pa fóònù yín fún ìṣẹ́jú 25.